Ìwé Tí Mi Ò Tíì Kà Ni Mo Fún Ọmọ Ọlọ́mọ

Ọdún 2016 ni mo kó ẹrù inú gáréèjì wa jáde ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ tó ń gbébẹ̀ ti kú tipẹ́, a ti tà á fún àwọn tó ń ra irin. Mo ní kí káfíńtà kan pákó mọ́ ògiri, mo to ìwé àwọn ọmọ mi tó ti dàgbà sí i, mo tẹ́ ẹní méjì, mo sì ránṣẹ́ sí àwọn ará àdúgbò pé ọmọ tó bá fẹ́ kàwé kó máa bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Mo ra ìwé ńlá onílà kan tí wọn yóò máa kọ orúkọ sí bí wọ́n bá yá ìwé. Kí oṣù tó parí, àwọn ọmọ ti ń pè mí ní Àǹtí Láíbìrì, orúkọ yẹn sì ń wú mi lórí.

Àwọn òbí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi dúró lọ́nà. "Àǹtí, ìwé wo ni ká rà fún ọmọ yìí?" Kí wọ́n tó pa ẹnu dé ni mo ti ń dáhùn. N kì í béèrè ọjọ́ orí, n kì í béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ràn. Mo dà bí oníṣègùn tó ń já ewé kó tó bi aláìsàn pé kí ló ń ṣe é. Ohun tí ojú mi rí nídìí ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, àti ohun tí ojú ọmọ kan rí, èyí tó burú ju tèmi lọ.

Ìwé alátẹ̀léra, tí àwọn ọmọ ń pè ní síríìsì, ni mo sábà máa ń dárúkọ. Èrò mi nídìí ìyẹn kò burú: bí ọmọ bá fẹ́ràn ọ̀kan, mẹ́fà tàbí méje mìíràn ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé lé wọn lọ́wọ́ ni Famous Five ti Enid Blyton, ìwé 21 tí obìnrin ará Ìlú Ọba náà gbé jáde láti 1942 títí di 1963. Òun ni èmi náà kà ní pámárì. Mo rí mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ ní Dùgbẹ̀, mo gbé wọn wálé bí ẹni gbé wúrà.

Táyé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni mo kọ́kọ́ fún. (Mo ti pààrọ̀ orúkọ àwọn ọmọ tó wà nínú ìtàn yìí.) Lọ́sẹ̀ kejì ó béèrè pé, "Àǹtí, ṣé bíà ni àwọn ọmọ yìí ń mu?" Ginger beer ló rí nínú ìwé. Mo ní omi atalẹ̀ ni, mínírà lásán ni. Ó gbà, àmọ́ ó ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ kó tó bi mí, díákónẹ́ẹ̀sì sì ni ìyá rẹ̀. Ẹ wá wo bí mo ṣe ń ṣàlàyé omi atalẹ̀ fún díákónẹ́ẹ̀sì lẹ́nu géètì. Ó ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí wọ́n ká ẹrù mọ́ lọ́wọ́.

Táyé ò ka ìwé náà parí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ò mọ ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí ọmọ mẹ́rin àti ajá kan lọ sùn ní erékùṣù láìsí àgbà lọ́dọ̀ wọn, àti pé ṣé kò sẹ́ni tó ń wá wọn ni? Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nígbà tí èmi ń ka ìwé yẹn, ọlidé ni, orí ìloro ilé bàbá mi ni mo wà, mò ń jẹ ẹ̀pà, ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ fún Táyé. Ọ̀sán ọjọ́ ẹlòmíràn sì rèé, kò ṣeé dì sínú ìwé gbé fún ọmọ.

Ni mo bá tàkìtì bọ́ sí òdìkejì. Mo ní ìwé tiwa ni wọn yóò máa kà. Mo gbé Fágúnwà jáde, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti 1938 àti Igbó Olódùmarè tó jáde ní 1949, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé Òyìnbó títí a ó fi kà wọ́n tán. Àwọn ọmọ tó ń fi Yorùbá bú ara wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ jókòó ti ojú ewé kan ṣoṣo fún odidi wákàtí. Àmì ohùn ń dà wọ́n láàmú, gbólóhùn gùn ju èémí wọn lọ, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ púpọ̀ nínú wọn ní Yorùbá kíkà rí. Láàárín oṣù kan, àwọn mẹ́tàlá tó ń wá di márùn-ún. Mo bínú sí àwọn ọmọ ìsinsìnyí, mo bínú sí òbí wọn, mo bínú sí ìjọba. Kò wá sí mi lọ́kàn pé kí n bínú sí ara mi.

NEPA ló yọ mí. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n mú iná lọ, gáréèjì ṣókùnkùn, kò sì sí bí àwọn ọmọ ṣe lè lọ sílé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fágúnwà sókè fún wọn. Mo ń yí ohùn padà, mo ń ké bí iwin. Òjò dá, ẹnikẹ́ni ò dìde. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n tún ibì kan kà, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Ìwé kan náà ni, àwọn ọmọ kan náà ni. Ìwé tí ojú wọn ò tíì ká, etí wọn ti ká a tipẹ́, n kò mọ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, a máa ń fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kàwé sókè kí kálukú tó lọ mú èyí tó wù ú, ní èdè tó bá wù ú.

Nígbà tí a dé Igbó Olódùmarè, tí a pàdé Olówó-Ayé, ọmọbìnrin kan fò dìde. "Àǹtí! Bàbá Àkàrà-Ògùn nìyí! Kí ló dé tí a ò ka ti bàbá ká tó ka ti ọmọ?" Ìbéèrè gidi ni, torí Àkàrà-Ògùn ni ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ tí a ti kà ṣáájú. Òǹkọ̀wé lè padà sẹ́yìn lọ sọ ìtàn àwọn tó ṣáájú, ìwé tó jáde lẹ́yìn á wá jẹ́ ti bàbá. Irú ẹ̀ náà ló wà nínú Narnia ti C. S. Lewis, ìwé méje tó jáde láti 1950 sí 1956. Èyí tó jáde ṣìkẹfà, ní 1955, òun ni àwọn atẹ̀wé wá ń kọ nọ́ńbà kìíní sí lára báyìí, torí pé ìtàn inú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Òbí á rí nọ́ńbà kìíní, á rà á, ọmọ á sì wọ ilé náà láti ẹ̀yìnkùlé. Tèmi ni pé kí ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ọdún sí, kí ẹ fún ọmọ ní èyí tó kọ́kọ́ jáde. Òǹkọ̀wé mọ ohun tó fi pa mọ́ fún yín níbẹ̀.

Táyé padà wá ní 2018, àmọ́ abẹ́ aṣọ ló ń gbé ìwé tirẹ̀ sí. Diary of a Wimpy Kid ti Jeff Kinney ni, ìwé ọmọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ìròyìn ojoojúmọ́ rẹ̀, tí àwòrán jáganjàgan wà ní gbogbo ojú ewé. Mo já a gbà lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Ṣé ìwé rèé?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo ká ẹní láti gbálẹ̀, mo bá apá kejì rẹ̀ lábẹ́ ẹní. Ọmọ yìí ń sá pamọ́ fún mi láti kàwé, nínú ilé tí èmi fúnra mi kọ́ fún ìwé kíkà! Ojú tì mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Mo gbé e wọlé, mo kà á lórí bẹ́ẹ̀dì. Greg inú ìwé yẹn jẹ́ ọ̀lẹ, alárékérekè ni, ó sì gbà pé òun gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi bi mí pé kí ló dé. Ibẹ̀ ni mo ti lóye ohun tí síríìsì ń ṣe fún ọmọ tí ìwé kíkà ò rọ̀ lọ́rùn. Ojú ewé ogún àkọ́kọ́ ló máa ń le jù: ta nìyí, ibo nìyí, kí ló dé tó ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ọmọ tó bá ti san owó ẹnubodè yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò ní san án mọ́ nínú ìwé kejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ó ti mọ ilé, ó mọ ẹni tó ń gbébẹ̀. Kí ọdún tó parí Táyé ti ka mẹ́jọ, ó sì ń bi mí pé kí ló tún kù. Ọmọ tí mo fi Blyton lé lọ.

Ó yẹ kí n ti gbọ́n nígbà yẹn. Ó ku èyí tó ń bọ̀ wá bá mi.

Ní 2019, àbúrò mi gbé ìwé kan bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, Children of Blood and Bone, tí Tomi Adeyemi kọ, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí Amẹ́ríkà. Ó jáde ní 2018, apá kìíní nínú mẹ́ta ni. Mo rí "Orïsha" lára rẹ̀, mo ṣí i, mo rí i pé Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀ nínú rẹ̀. Orí mi wú. Mo ka ẹ̀yìn ìwé, mo ka ojú ewé mẹ́ta, mo pa á dé. Mo ti mọ ẹni tí màá fún.

Àdùkẹ́, ọmọ ọdún méjìlá. Òun ló ń kàwé jù láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún tó ṣáájú, ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Èmi gan-an wà níbi ìsìnkú. Mo fún un ní ìwé náà bí ẹni fún èèyàn lẹ́bùn, mo ní, "Èyí á gbádùn mọ́ ẹ."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, n kò rí i. Mo ní bóyá ìdánwò ni. Ìkejì, ìkẹta. Ní ìkẹrin ìyá àgbà rẹ̀ wá, ó fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé ìwé náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mo ní kí n dá ìwé yín padà."

"Ẹ kú àbọ̀, mà. Àdùkẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà. Kì í sùn dáadáa. Ó ní wọ́n pa ìyá ọmọ inú ìwé náà." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ẹ ti kà á tẹ́lẹ̀?"

Mi ò lè parọ́ fún obìnrin yẹn. Mo ní, "Rárá, mà."

Ó mirí. Kò bú mi. Ó ní òun ń lọ kí òòrùn tó mú jù. Bó bá bú mi ni, ìbá sàn fún mi.

Mo ka ìwé náà láti alẹ́ ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ ogun ọba ló pa ìyá Zélie nígbà tó wà ní kékeré, bí wọ́n ṣe pa á sì burú. Òǹkọ̀wé ò fi pa mọ́ rárá, orí ọ̀rọ̀ náà ni gbogbo ìtàn dúró lé, ẹni tó bá fara balẹ̀ ka orí méjì ti mọ̀. Ìwé tó dára ni, mo ṣì ń fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Kò sí ẹjọ́ lọ́rùn ìwé. Èmi ni mo rí orúkọ òrìṣà lẹ́yìn ìwé tí mo rò pé mo ti mọ inú rẹ̀.

Àwọn kan sọ fún mi pé ìwé tó sọ̀rọ̀ ikú máa ń wo ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ sàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ náà ló yẹ kó mọ̀ pé ikú wà nínú rẹ̀ kó tó ṣí i, kó sì ní ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ bó bá débẹ̀. Àdùkẹ́ ò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó dá ka á lórí ibùsùn ìyá rẹ̀, ìyá àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo lọ bẹ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé kan kì í dé orí pákó mi mọ́ kí n tó kà á dé ìparí. Bó bá jẹ́ síríìsì, mo máa ń ka apá kìíní, mo sì máa ń wá ẹni tó ti ka apá ìkẹyìn lọ bi í. Ìdí ni pé ọmọ tó bá ìwé kìíní mu lè má tíì tó ti ìkẹrin. Ẹ wo Harry Potter, ìwé méje, 1997 sí 2007. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Harry nínú ti àkọ́kọ́, ó sì ń fi ọdún kọ̀ọ̀kan dàgbà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè gbé mẹ́ta àkọ́kọ́ mì láàárín oṣù kan, á wá kọ lu ìkẹrin tó ju 600 ojú ewé lọ, tí wọ́n ti pa ọmọ iléèwé kan. Òun ò tíì kúrò lọ́dún mẹ́sàn-án. Mo máa ń sọ fún òbí pé kó dúró sí ìkẹta, kó jẹ́ kí ọdún kan tàbí méjì kọjá. Mo sì máa ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé oṣó àti àjẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí ilé yín ò bá fẹ́ ẹ, ó sàn kí n gbọ́ ọ lẹ́nu géètì ju kí ẹ fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé e padà.

Nígbà tí òbí bá bi mí ní ìwé báyìí, ọmọ ni mo máa ń yíjú sí. Ìwé wo lo pa tì kẹ́yìn? Ojú ewé wo lo dúró sí? Kí ló wà níbẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ń sọ púpọ̀ fún mi ju "ìwé wo lo fẹ́ràn" lọ, torí pé ìyẹn ni wọ́n máa ń parọ́ sí láti fi wu àgbà. Ọmọ tó pa ìwé tì lójú ewé kẹta, ọ̀rọ̀ ló le fún un. Èyí tó pa á tì láàárín, ìtàn ló sú u. Èyí tí kò bá fẹ́ sọ ibi tó dúró sí, mo máa ń rọra ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ẹ má ra gbogbo síríìsì lẹ́ẹ̀kan. Mo jẹ̀bi èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mẹ́sàn-án Blyton yẹn ṣì ń bá mi gbé. Ẹ ra ìkíní, kí ẹ sì ti mọ ibi tí ẹ ó ti rí ìkejì, torí ọmọ tó parí apá kìíní tí kò rí ìkejì fún oṣù mẹ́ta, iná rẹ̀ á ti kú. Ẹ tún ṣọ́ orúkọ. Nnedi Okorafor kọ ìtàn ọmọbìnrin àfín kan, Sunny, tí wọ́n bí ní New York tó sì ń gbé ní Àbá. Akata Witch ni wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà ní 2011. Nàìjíríà ńkọ́? What Sunny Saw in the Flames ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo rí méjèèjì, mo sọ fún bàbá kan pé apá kìíní àti ìkejì ni. Ó rà wọ́n. Ọmọ rẹ̀ ka ojú ewé kan nínú "ìkejì," ó ní, "Dádì, èyí nìyẹn náà." Mo dá owó ọ̀kan padà fún un lápò ara mi. Apá kejì gidi ò jáde àfi 2017, ìkẹta 2022. Ọmọ ọdún méjìlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún kó tó rí ìkẹta. Fún ọmọ tí kò ní sùúrù, mo máa ń mú síríìsì tó ti parí.

Èyí tí mo máa ń fún àwọn kéékèèké jù ni Anna Hibiscus ti Atinuke, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Wales. Àgbàlá ńlá, ìyá àgbà, bàbá àgbà, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹpẹtẹ, ìbejì tí wọ́n ń pè ní Double àti Trouble. Nínú ìwé àkọ́kọ́, Anna já ọsàn inú àgbàlá wọn lọ tà lẹ́nu géètì torí ó rí i bí eré, gbogbo èèyàn sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ta ọsàn níbẹ̀ lójoojúmọ́ ò rí nǹkan tà. Lọ́jọ́ tí a ka ibẹ̀ sókè, ọmọ kan tó ń kiri pọ́ọ̀ wọ́tà lẹ́yìn iléèwé ní, "Kò mọ̀ ni." Inú gáréèjì pa lọ́lọ́. Kò sí ìwé mìíràn tó tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé ńlá ń bà lẹ́rù, Pacesetters ti Macmillan ni mo máa ń wá fún wọn lọ́wọ́ àwọn oníwèé àlòkù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1977, wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ, òǹkọ̀wé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ wọ́n, kò sì sí èyí tó ń dúró de ìkejì. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibikíbi. Wọ́n fúyẹ́, ó ṣeé kì bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Àmọ́ ìfẹ́ àti ìwà ọ̀daràn pọ̀ nínú wọn, kí ẹ kọ́kọ́ kà á.

Àdùkẹ́ padà sí gáréèjì lẹ́yìn oṣù méje. Kò mẹ́nu kan ìwé náà, èmi náà ò mẹ́nu kàn án. Ó ń ka àwọn mìíràn. Mo gbé Children of Blood and Bone lọ sórí pákó òkè pátápátá, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè dé.

Ìparí 2024 ló gun àga dé ibẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ga jù mí lọ. Ó gbọ́ pé apá kẹta ti jáde lọ́dún náà. Mo rí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn mi já.

Mo ní, "Àdùkẹ́, ìwé yẹn, ṣé o rántí pé..."

"Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, mà," ó ní. "Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á, kí ẹ̀yin tó kà á."

Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé onílà. Ó béèrè bóyá apá kejì wà nílé. Mo lọ gbé e wá fún un.